Ògiri Láàárín Ìjọ àti Ìjọba: Ìtàn Àwọn Tó Mọ Ọ́n ní Amẹ́ríkà

Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Oníwàásù ni wọ́n, inú túbú sì ni àwọn mìíràn nínú wọn ti ń wàásù. Lónìí àwọn kan a máa sọ pé àwọn ọ̀tá Ọlọ́run ló gbé ètò náà kalẹ̀. Àwọn mìíràn a ní àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Thomas Jefferson ló jókòó ti ìwé wọn tí wọ́n rò ó jáde. Lójú tèmi, ìyà ló bí i. Àwọn ìjọ kéékèèké tí ìjọ ńlá fi pàṣán ìjọba nà ló kọ́kọ́ figbe ta, ìtàn igbe wọn sì gùn ju ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1534, Ọba Henry Kẹjọ já ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ póòpù, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe olórí ìjọ náà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá kọ ìsìn ọba ti di ọ̀tá ọba. Mary ọmọ Henry, tó jẹ́ Àgùdà, dáná sun bíi 300 Pùròtẹ́sítáǹtì láàárín ọdún márùn-ún tó lò lórí oyè. Elizabeth àbúrò rẹ̀ gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀, Pùròtẹ́sítáǹtì ni tirẹ̀, ó sì di àsìkò tí wọ́n ń yẹgi fún àwọn àlùfáà Àgùdà. Ìtẹ́ kan náà ni, agbára kan náà ni. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ nìkan ló yí padà.

Inú rúkèrúdò yìí ni àwọn Puritan ti jáde wá, àwọn tó gbà pé ìjọ ọba kò tíì mọ́ kúrò nínú àṣà Róòmù. Àwọn kan tó ti yapa pátápátá tẹ̀dó sí Plymouth ní 1620. Ọ̀pọ̀ mìíràn tẹ̀ lé John Winthrop lọ sí Massachusetts ní 1630. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni pé òmìnira ẹ̀sìn ló gbé wọn kọjá òkun. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òmìnira tiwọn nìkan ni. Àkọsílẹ̀ ìjọba Massachusetts fi hàn pé ní 1631, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wọn kò ní í dìbò. Wọn kò sá fún pàṣán. Wọ́n sá fún ọwọ́ tó mú un dání ni.

Ọdún yẹn kan náà ni Roger Williams dé Boston. Ọ̀dọ́ àlùfáà ni, Cambridge ló ti kàwé, ìjọ Boston sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n pè é kó wá máa kọ́ wọn. Ó kọ̀, ó ní ìjọ tí kò tíì já ara rẹ̀ kúrò lára ìjọ ọba kò mọ́ tó lójú òun. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: ọkùnrin yìí le lórí ẹ̀sìn ju àwọn tó lé e jáde lẹ́yìn náà lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun méjì tí etí àwọn aláṣẹ kò gbà. Ó ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó tún ní adájọ́ kò ní agbára kankan lórí ohun tó wà láàárín ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, pé ìsìn tí a fi ipá mú ènìyàn ṣe, ẹ̀gbin ni níwájú Ọlọ́run. Ìjọ ló ń bẹ̀rù fún. Ó rí i pé ibi tí ìjọba bá ti wọ inú ọgbà ìjọ, igbó ni yóò kù níbẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 1635, ilé ẹjọ́ Massachusetts dájọ́ pé kó kúrò nílùú. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sá wọ inú yìnyín ní oṣù kìíní 1636. Àwọn Wampanoag, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, ló gbà á sílé ní àsìkò òtútù yẹn. Lẹ́yìn náà, Canonicus àti Miantonomi, àwọn olórí Narragansett, fún un ní ilẹ̀ tó tẹ̀dó sí, ó sì sọ ibẹ̀ ní Providence. Orí bí ó ṣe rí ilẹ̀ yìí gbà ni ẹnu kò ti kò. Ìwé ilẹ̀ tí àwọn olórí méjèèjì fọwọ́ sí ní 1638 sọ pé àwọn ta ilẹ̀ náà fún un ní ọdún méjì ṣáájú. Ṣùgbọ́n Williams fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé kò sí owó tó lè ra á, pé ìfẹ́ ni wọ́n fi fún òun. Ohun tí àwọn ará Rhode Island, ìpínlẹ̀ tí Providence wà, sì ń sọ láti ìran dé ìran ni pé ẹ̀bùn ni. Mo rò pé ìwé àti ẹnu lè jọ tọ̀nà: Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ilẹ̀ gbà láìsí ìwé, Narragansett kò sì mọ ilẹ̀ tà bí ẹni ta ẹrù.

Ohun tí Williams dá sílẹ̀ níbẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí kò ní ìjọ ìjọba ni, tí ẹnikẹ́ni kì í san owó orí fún àlùfáà. Ìwé àṣẹ tí Ọba Charles Kejì fún Rhode Island ní 1663 fi òǹtẹ̀ lù ú pé a kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nítorí èrò rẹ̀ lórí ẹ̀sìn. Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni tí àwọn Puritan ń ṣe inúnibíni sí, lọ síbẹ̀, àwọn Júù náà lọ síbẹ̀. Ibi tí àwọn Narragansett wà nínú gbogbo rẹ̀ ni ó bani nínú jẹ́. Ní ìgbà òtútù 1675, ọmọ ogun àwọn àlejò láti ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ya wọ inú odi wọn, wọ́n pa ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Ní oṣù kẹta 1676, àwọn Narragansett dáná sun Providence, ilé Williams sì jóná pẹ̀lú. Wọ́n fún àlejò ní òmìnira ọkàn lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò rí gbé mọ́.

Ní Boston, nǹkan ń burú sí i. Ní 1658, wọ́n gé etí ọ̀tún Quaker mẹ́ta, wọ́n sì ṣòfin pé Quaker tí wọ́n bá lé tó bá tún padà yóò kú. Mary Dyer, Quaker kan tí wọ́n ti lé, padà. Ní oṣù kẹwàá 1659, wọ́n mú un dé ìdí igi pẹ̀lú ọkùnrin méjì, wọ́n yẹgi fún àwọn ọkùnrin náà lójú rẹ̀, wọ́n sì dá a sí. Ó tún padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1660, wọ́n yẹgi fún òun náà. Lẹ́yìn tí wọ́n tún pa ẹnì kẹrin ní 1661, Charles Kejì, ọba tí àwọn Puritan kò fẹ́ràn, ló fi lẹ́tà dá ọwọ́ wọn dúró.

Ní Virginia, ìhà gúúsù, kò sí Puritan lórí àga. Ìjọ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló jókòó níbẹ̀, gbogbo olùgbé ló sì ń san owó rẹ̀, Onítẹ̀bọmi ni o, Presbyterian ni o. Tábà ni wọ́n fi ń san an: òfin ní kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n pọ́n-ùn 16,000 lọ́dún. Ètò yìí kò mi títí ìsọjí ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín 1730 sí 1750. Àwọn oníwàásù tí kò kàwé rẹpẹtẹ ń wàásù nínú oko àti lábẹ́ igi, àwọn tálákà àti àwọn ẹrú ń rọ́ tẹ̀ lé wọn. Èyí ni ó ba àwọn olówó Virginia lẹ́rù. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ti lè yan ìjọ tirẹ̀ kò ní í pẹ́ kó fẹ́ yan nǹkan mìíràn. Láti 1768, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi sẹ́wọ̀n pé wọ́n ń da ìlú rú, pé wọ́n ń wàásù láìgbàṣẹ. Ní Culpeper, James Ireland ń gba ojú fèrèsé túbú wàásù fún àwọn tó dúró sí ìta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan wà nítòsí. James Madison ni orúkọ rẹ̀, ọmọ olóko tí wọ́n tọ́ nínú ìjọ ọba. Ní oṣù kìíní 1774, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Philadelphia pé inú òun ń bàjẹ́ nítorí àwọn ènìyàn rere márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà ní túbú lágbègbè òun, tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n sọ èrò ọkàn wọn jáde. Kó tó bá ogun pàdé, kó tó mọ̀ pé òun yóò kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ohun tó kọ́kọ́ mú un bínú nìyí.

Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gba òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Patrick Henry, olóṣèlú Virginia, dá a lábàá ní 1784 pé kí olúkúlùkù máa san owó orí fún àlùfáà ìjọ Kristẹni tó bá wù ú. Àbá náà dùn létí, kò sì yọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ nínú owó náà. Síbẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi kọ̀ ọ́. Wọ́n ní owó tí ìjọba bá fún àlùfáà ni okùn tí yóò fi so ó. Madison kọ ìwé ẹ̀hónú rẹ̀ tó lókìkí ní 1785, àwọn tó fọwọ́ sí i sì lé ní 1,500. Ìwé àwọn ìjọ kéékèèké fúnra wọn tún gba ìfọwọ́sí ju tirẹ̀ lọ. Àbá Henry kú. Ní oṣù kìíní 1786, wọ́n sọ àbá òmìnira ẹ̀sìn tí Jefferson ti kọ ṣáájú di òfin, nígbà tí òun wà ní Paris gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba. Òfin yìí wà lára ohun mẹ́ta péré tó ní kí wọ́n kọ sára ibojì òun. Kò fi oyè ààrẹ kún un.

Nígbà tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè jáde ní 1787, ó kà á léèwọ̀ láti bi ẹni tó fẹ́ di ipò mú ní ìbéèrè lórí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbólóhùn kankan tó dáàbò bo ẹ̀sìn gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rù ba àwọn Onítẹ̀bọmi. Ibí yìí ni ìtàn ẹnu ti ya kúrò lára ìwé. Àwọn ará Orange ní Virginia ń sọ títí dòní pé Madison lọ bá John Leland, àgbà oníwàásù Onítẹ̀bọmi, pé wọ́n jókòó sábẹ́ igi óákù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pé Leland fi ìbò àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ìlérí àtúnṣe òfin. Wọ́n tilẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìrántí ìpàdé náà. Ohun tó wà nínú ìwé ni lẹ́tà tí ẹnì kan ní àgbègbè náà kọ sí Madison ní oṣù kejì 1788, tó fi àtakò Leland ránṣẹ́ sí i, tó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ń bọ̀ nílé. Bóyá ó yà, àti ohun tí wọ́n sọ, àwọn méjèèjì kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mo gba ìtàn ẹnu náà gbọ́ ní pàtàkì rẹ̀, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e hàn gbangba: Madison wọlé ìbò, ó sì dúró nílé aṣòfin ní 1789 tí ó fi mú Àtúnṣe Kìíní wá. Ní 1791 ó di òfin pé ilé aṣòfin àpapọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sìn kankan kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìsìn rẹ̀.

Ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan ni òfin yìí dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì lè ṣe bó ṣe wù ú. Ní Connecticut, Onítẹ̀bọmi ní láti gba ìwé ẹ̀rí kó tó lè bọ́ nínú owó orí ìjọ ìpínlẹ̀. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Danbury fi kọ̀wé sí Ààrẹ Jefferson ní 1801. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1802, ó dá wọn lóhùn pé Àtúnṣe Kìíní ti mọ ògiri láàárín ìjọ àti ìjọba. Lọ́jọ́ kan náà, Leland, tó ti padà sí Massachusetts, gbé wàràkàṣì kan tó wọn pọ́n-ùn 1,235 wá fún un, tí àwọn ará ìlú rẹ̀, Cheshire, ṣe láti fi ìdùnnú wọn hàn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Leland wàásù nínú gbọ̀ngàn ilé aṣòfin, Jefferson sì wà lára àwọn tó gbọ́ ìwàásù náà. Àwọn òpìtàn ń jà lórí ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn kan ní lẹ́tà náà jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán, wọ́n tọ́ka sí ìsìn tó lọ. Àwọn mìíràn ní lẹ́tà náà ni ìtumọ̀ òfin gan-an. Ní 1998, àwọn FBI fi ẹ̀rọ yẹ àkọ́kọ́ lẹ́tà náà wò láti rí àwọn ìlà tí Jefferson fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́, àríyànjiyàn náà kò sì parí. Ohun tí mo rí ni pé Leland kò rí ìtakora kankan. Ẹni tó ń wàásù láìgba owó ìjọba kò bẹ̀rù ògiri. Connecticut wó ìjọ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1818, Massachusetts ló sì kẹ́yìn gbogbo wọn ní 1833.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Virginia tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òmìnira ọkàn yìí ti ṣòfin ní 1667 pé ìrìbọmi kò sọ ẹrú di òmìnira, kí olówó ẹrú má baà bẹ̀rù láti jẹ́ kí ẹrú rẹ̀ gba Jésù. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ẹrú kan, Nat Turner, ṣáájú rẹ̀ ní 1831, ó tún ṣòfin pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ wàásù mọ́, ẹrú ni o, òmìnira ni o. Ọmọ ọmọ àwọn Onítẹ̀bọmi tó ṣẹ̀wọ̀n ti di olówó ẹrú nígbà yẹn. Ní 1845 wọ́n yapa kúrò lára àwọn ará àríwá nítorí ẹrú, wọ́n dá ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ló rán Thomas Jefferson Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó gúnlẹ̀ ní Badagry ní 1850, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ ààrẹ tó sọ̀rọ̀ ògiri wà lára ẹni tó mú ìjọ Onítẹ̀bọmi wá fún wa, òkodoro ọ̀rọ̀ ẹrú náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àgùdà láti Ireland ya wọ ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, Bíbélì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Kenrick ní Philadelphia tọrọ ní 1842 pé kí àwọn ọmọ Àgùdà lè ka Bíbélì tiwọn. Àhesọ wá tàn kálẹ̀ pé Àgùdà fẹ́ lé Bíbélì jáde. Ní 1844, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà méjì, ó kéré tán 20 ènìyàn ló kú nínú ìjà oṣù karùn-ún àti oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin wọn pé owó ìjọba kò gbọdọ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìlànà rere ni, ṣùgbọ́n ìkórìíra Àgùdà wà lára amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Ti àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló burú jù. Ìjọba àpapọ̀ pín àwọn ibùdó wọn fún àwọn ìjọ láti máa ṣàkóso ní ìgbà Ààrẹ Grant. Ní 1883 ó sì ka ijó ìbọ oòrùn wọn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń fìyà jẹni fún. Ó di 1978 kí òfin tó sọ gbangba pé àwọn náà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn wọn.

Ọ̀rúndún ogún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 1940, ilé ẹjọ́ náà ní ìjọba lè fi ipá mú ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kí àsíá ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn Ẹlẹ́rìí káàkiri, wọ́n sun ilé ìpàdé wọn ní Maine. Ojú ti àwọn adájọ́, wọ́n sì yí ìdájọ́ wọn padà ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ṣì ń jà. Ní 1947, nínú ẹjọ́ owó bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní New Jersey, Adájọ́ Hugo Black, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, gbé ọ̀rọ̀ ògiri Jefferson jáde, ó sì fi de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ní 1962, wọ́n fòpin sí àdúrà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba New York kọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ní 1963, wọ́n fòpin sí kíka Bíbélì bí ìsìn. Àwọn ènìyàn bínú gan-an, pàápàá nítorí pé wọ́n ń bá Kọ́múníìsì jà, tí wọ́n sì ti fi orúkọ Ọlọ́run sínú ẹ̀jẹ́ àsíá ní 1954.

Nínú ìbínú yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìran Leland ti yí ẹ̀yìn sí ògiri. Ní 1960, kí ìdájọ́ wọ̀nyí tó dé, àwọn oníwàásù Gúúsù ṣì ní kí John Kennedy, Àgùdà tó ń du ipò ààrẹ, wá jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Houston pé póòpù kò ní í darí òun. Ṣùgbọ́n ní 1979, Jerry Falwell, oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan, dá ẹgbẹ́ Moral Majority sílẹ̀ láti fi ìbò mú ìjọba sún mọ́ ìjọ. Àwọn olórí ẹgbẹ́ náà sọ pé ìdájọ́ 1973 lórí oyún ṣíṣẹ́ ló jí wọn. Ìwé kò fi gbogbo ara tì wọ́n lẹ́yìn: ní 1971, ìpàdé ńlá àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù fúnra rẹ̀ gbà kí òfin yọ̀ǹda oyún ṣíṣẹ́ nínú àwọn ipò kan. Òpìtàn Randall Balmer sọ pé owó orí ló jí wọn, nígbà tí ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí kò gba ọmọ dúdú kò yẹ fún ìdásílẹ̀ mọ́. Mo rò pé ohun méjèèjì pa pọ̀, ṣùgbọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ló ṣáájú.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní 1987, Ernesto Pichardo àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ní Hialeah, ní Florida. Ìjọ Lukumí Babalú Ayé ni wọ́n sọ ọ́. Ọbalúayé wa ni, tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé lọ sí Cuba. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣòfin lòdì sí fífi ẹran rúbọ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn alápatà àti ọdẹ sílẹ̀, wọ́n sì yọ ọ̀nà tí àwọn Júù ń gbà pa ẹran sílẹ̀. Pichardo pàdánù ní ilé ẹjọ́ kékeré. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1993, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé òfin Hialeah dojú kọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo, wọ́n fagi lé e. Orúkọ Yorùbá wà nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Anthony Kennedy kọ. Ohun tí Onítẹ̀bọmi ṣẹ̀wọ̀n fún ní Culpeper ni ẹlẹ́bọ òrìṣà jogún ní Hialeah, mi ò sì mọ ẹ̀rí mìíràn tó dára jù ú lọ pé ògiri náà kì í ṣe ti ìjọ kan.

Láti 2000 síwájú, àwọn adájọ́ ń yọ bíríkì. Ní 2022, wọ́n ní bí Maine bá ń san owó fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, kò lè yọ ti ìjọ sílẹ̀. Wọ́n tún gba olùkọ́ bọ́ọ̀lù kan láyè láti gbàdúrà ní gbangba lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 2024, Louisiana ní kí wọ́n lẹ Òfin Mẹ́wàá mọ́ ògiri gbogbo kíláàsì. Lára àwọn òbí tó gbé ìpínlẹ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, pásítọ̀ wà níbẹ̀. Ní Oklahoma, Àgùdà fẹ́ fi owó ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Gentner Drummond, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ló takò ó, ó ní ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ìjọ kan ti ṣí i fún gbogbo ẹ̀sìn. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pín sí mẹ́rin sí mẹ́rin. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Oklahoma dúró, ilé ẹ̀kọ́ náà kò rí owó gbà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò de ìpínlẹ̀ mìíràn kankan.